Àbẹ̀kẹ́, má yọ ọkọ̀ sí fíríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́

Ṣúrùlérè, Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí Ìbejì. Ẹ kú ọkọ̀ tuntun o! Á tù yín lára, ẹ ò ní fi rí àgbákò. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tí o sọ níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. O ní bí o bá ti dé òkè Èfọ̀n, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà lọ sísàlẹ̀, o máa ń yọ jíà sí fíríì, ìyẹn N, kí epo má baà tètè tán. Jọ̀ọ́, fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo mọ ibi tí àṣà yẹn ti wá. Bàbá mi náà máa ń ṣe é nínú Peugeot 504 rẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré. Kábúrétọ̀ ni ọkọ̀ ìgbà yẹn ń lò, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí ni yóò máa fa epo, nítorí náà ó ń rí díẹ̀ ṣẹ́kù. Ọkọ̀ ọ́tọ́ tí à ń wà báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí jíà bá wà ní D, èyí tí a fi ń lọ síwájú, tí o gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tí a fi ń tẹná, níbi tí ọ̀nà ti dà lọ sísàlẹ̀, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á sì sé epo. Bí o bá yọ ọ́ sí N, táyà àti ẹ́ńjìnnì ti pínyà nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì á máa mu epo kó má baà kú. Mo mọ bí epo ṣe ń dùn wá látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ ní 2023, àmọ́ kò sí èrè kankan níbẹ̀.

Epo gan-an kọ́ ló bà mí lẹ́rù, bíréèkì ni. Ní N, ẹ́ńjìnnì kò bá ọ fa ọkọ̀ sẹ́yìn rárá, bíréèkì nìkan ló ru gbogbo ẹrù. Á gbóná, á máa rùn, tó bá yá, o ó tẹ̀ ẹ́, kò ní mú. Òkè tiyín kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá Èkó tó máa ń tán kí o tó ṣẹ́jú. Fi jíà sí 2 tàbí L, ìyẹn àwọn jíà kékeré, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á ké díẹ̀. Jẹ́ kó ké.

Àmọ́ N yìí kan náà ló gba ẹ̀mí mi là. N ò sọ ọ́ fún ọ rí, torí n kò fẹ́ kí o páyà. Àárọ̀ Sọ́ńdè kan ni, èmi nìkan ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó lórí Third Mainland, ọ̀nà dá. Mo tẹná kí n lè ya dáńfó kan sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, iná kò padà. Máàtì tuntun tí mo rà lójú títì ti sún síwájú, etí rẹ̀ ti gun orí tọ́tù. Ọkọ̀ ń sáré sí i, ọ̀sà sì wà lápá ọ̀tún mi. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni kí n pa kọ́kọ́rọ́. Ká ní mo pa á, sítíárìn ì bá le koránkorán, bíréèkì náà ì bá le. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ti jíà síwájú láti D bọ́ sí N, n ò tẹ bọ́tìnnì kankan. Ẹ́ńjìnnì ké bí ẹni pé yóò fọ́, àmọ́ ọkọ̀ ti dẹwọ́. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo tan iná ìkìlọ̀, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tó dúró pátápátá ni mo tó pa á. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n débi pé n kò lè sọ̀ kalẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan. Ní 2009, torí máàtì tó ń há mọ́ tọ́tù ni Toyota fi pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 3 padà ní Amẹ́ríkà.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bíi ti Ojúẹlẹ́gba, bí a bá dúró pẹ́, mo máa ń fi sí N, tí màá fa háńbíréèkì. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo ń fi sílẹ̀ ní D. Bí o bá sì gúnlẹ̀ níbi tó dagun, háńbíréèkì ni kí o kọ́kọ́ fà, kí o tó bọ́ sí P, ìyẹn jíà ìgúnlẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá kú lọ́nà, má jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ lọ jìnnà torí pé jíà wà ní N. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì káàkiri inú gíábọ́ọ̀sì. Bó bá ti kú, gbígbẹ ni irin ń lọ mọ́ irin. Aládùúgbò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ló ti lọ ra gíábọ́ọ̀sì mìíràn. Kí wọ́n gbé táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kúrò nílẹ̀ (ti iwájú ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀), tàbí kí wọ́n gbé odindi ọkọ̀ lé orí ọkọ̀ mìíràn.

Kí o tó jáde lọ́la, bẹ̀rẹ̀ kí o wo máàtì abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Bí kò bá ní ìkọ́ tó dì í mọ́lẹ̀, tàbí tí ẹ bá tẹ́ méjì léra, yọ ọ́ sínú bùútù, kí o tó pè mí. Màá máa retí rẹ.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ.