Ka Orí Wọn Kí O Tó Ṣílẹ̀kùn

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ìbejì ńkọ́? O ní ọmọ 5 lo fẹ́ máa gbà tọ́jú nílé láti oṣù tó ń bọ̀, pé 2 nínú wọn ò tíì pé ọdún kan, o sì ya àwòrán pálọ̀ rẹ mọ́ lẹ́tà kí n lè sọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀.

Àga rẹ ò dáa níbi tó wà. Ẹni tó bá jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn ti kẹ̀yìn sí ilé ìdáná. Gbé e lọ sí igun òdìkejì, kí ògiri wà lẹ́yìn rẹ, kí o lè máa rí gbogbo pálọ̀, ilẹ̀kùn ìta àti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná láìyí ọrùn. Kọ́bọ́ọ̀dù gíga tí o fi pín yàrá sí méjì yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa sá sí. Tì í mọ́ ògiri, kí o sì kàn án mọ́ ọn gírígírí, torí ọmọ ọdún méjì a máa fa dúrọ́ọ̀ jáde bí àtẹ̀gùn, á gùn ún, gbogbo rẹ̀ á sì wó lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹlifíṣàn. Lẹ́yìn èyí, kí ìwọ fúnra rẹ rákòrò yí yàrá ká. Mi ò ṣàwàdà o. Wáyà abẹ́ tábìlì, okùn kọ́tìnì tó lè lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn, etí aṣọ tábìlì tó rọ̀ wálẹ̀: ẹni tó wà lórí ìdúró kì í rí wọn.

Ní ti iye ọmọ, kọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin ibi tí o wà sọ, torí ọ̀pọ̀ ìjọba ló fi iye sí i, iye náà a sì máa dín kù bí ọmọ ọwọ́ bá wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí òfin bá tilẹ̀ gbà ọ́ láàyè, ọwọ́ méjì lo ní. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ọmọ ọwọ́ 2 lo lè gbé; àwọn yòókù gbọ́dọ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ̀ lé ọ. Ẹni tó bá wá bẹ̀ ọ́ pé kí o fi ẹ̀kẹta kún un, sọ fún un pé kò sí ọwọ́ tí o máa fi gbé e. Ẹ máa fi dánra wò lóṣooṣù: kí gbogbo yín jáde lọ síbi kan náà, kí o sì kà wọ́n níbẹ̀.

Kíkà yìí gan-an ni kí o fọwọ́ gidi mú. Ìgbà tí o bá jókòó tí o ń wò wọ́n kọ́ ni nǹkan sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń kúrò nídìí nǹkan kan bọ́ sídìí òmíràn ni: ẹnìkan kanlẹ̀kùn, ọmọ kan yàgbẹ́ sára, àkókò oúnjẹ tó, ẹ fẹ́ bọ́ síta. Kà wọ́n kí ẹ tó kúrò, kà wọ́n bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, kà wọ́n nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn ìta bá ṣí tó sì padé. Má kàn ka ení, èjì, ẹ̀ta. Pe orúkọ, kí o rí ojú ẹni tó ni ín, nítorí ọmọ àlejò lè wà láàárín wọn kí iye pé, kí tìrẹ sì ti wà ní títì.

Ìṣẹ́jú tó burú jù ni ìgbà tí òbí bá wá gba ọmọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹ̀ ń kíra yín, ìyá ọmọ rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ṣì wà, ìwọ rò pé ìyá rẹ̀ ti mú un. Ẹ fẹnu kò láti ọjọ́ àkọ́kọ́: wàá fi ọwọ́ ọmọ lé e lọ́wọ́, wàá sì sọ ọ́ síta pé, "Ó ti di tiyín o." Kó tó dìgbà yẹn, tìrẹ ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé tí òbí fọwọ́ sí, má fún un lọ́mọ. Pe òbí lórí nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tí àlejò náà bá kà fún ọ.

Orí ilẹ̀ ni kí o ti máa pààrọ̀ ìlédìí, lórí ẹní tó ṣeé nù, kí o dojú kọ àwọn tó kù. Wọ́n ń ta tábìlì olówó ńlá fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ń já bọ́ láti ilẹ̀. Kó gbogbo ohun tí o máa lò sí ìtòsí kí o tó tú u. Bí o bá gbàgbé nǹkan kan, gbé ọmọ dání lọ mú un.

Se oúnjẹ kí wọ́n tó dé. Tíì tí o ti bù sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú 15 ṣì lè bó ọmọ lára, nítorí náà má mu ún nítòsí wọn. Bí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ lára, omi ẹ̀rọ tútù, kì í ṣe yìnyín, ni kó máa ṣàn sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Má fi òróró tàbí ọṣẹ ìfọyín kan án. Ilé ìwòsàn ló kàn. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 5 péré ti tó láti gbẹ̀mí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn: orí rẹ̀ ló wúwo jù, bó bá ti ki í bọ inú rẹ̀ kò lè gbé e jáde mọ́, kò sì ní pariwo. Dà á nù, kí o da bọ́kẹ́ẹ̀tì dojú délẹ̀.

Bí ọmọ ọwọ́ bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó fi lélẹ̀, lórí fóòmù tó le tó sì tẹ́jú. Kò gbọ́dọ̀ sí ìrọ̀rí, aṣọ ìbora tàbí bèbí ìṣeré níbẹ̀. Bó bá sùn lọ sórí ìjókòó ọkọ̀, gbé e lọ sórí ibùsùn, torí àgbọ̀n rẹ̀ lè tẹ àyà kí ọ̀nà èémí dí. Máa lọ wò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí o rí i pé àyà ń lọ sókè sódò. Má sì jẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn débi tí o ò ní rí àwọ̀ ètè rẹ̀.

Ohun ìṣeré àwọn àgbà inú wọn ló máa ń há àwọn kékeré lọ́fun. Mú páálí àárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Èso àjàrà, là á ní òòró sí mẹ́rin. Bí o bá gé e ní ìbú, ó ṣì rí róbótó, ó sì lè dí ọ̀fun pa. Jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń jẹun, torí ẹni tí nǹkan há lọ́fun kì í lè ké. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí èyí tí kò tíì pé ọdún kan, dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí apá rẹ, kí orí wà nísàlẹ̀, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, yí i padà, tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tún bẹ̀rẹ̀. Má ki ìka bọ ẹnu tí o ò bá rí nǹkan náà. Lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ni kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé. Bátìrì róbótó pẹlẹbẹ inú rìmóòtù tún wà, èyí tó lè jó ọ̀fun láàárín wákàtí 2: bí o bá tiẹ̀ kàn fura pé ọmọ gbé e mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, má sì jẹ́ kó bì.

O béèrè pẹ̀lú ẹ̀rín pé ìgbà wo ni ìwọ fúnra rẹ máa tọ̀. Gbé àwọn ọmọ ọwọ́ sínú ibùsùn wọn, fi àwọn yòókù jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, má ti ilẹ̀kùn pa tán, kí o máa kọrin kí wọ́n máa gbè é. Ohùn tí kò bá gbè mọ́ ni kí o pe orúkọ rẹ̀. Kà wọ́n bí o bá jáde.

Tún pálọ̀ náà yà ránṣẹ́ sí mi bí o bá ti gbé àga kúrò, kí o sì kọ ibi tí àwọn kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ga dé sí i.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́