Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ra Chevelle ọdún 1970

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ti wo àwọn àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ ní àwòtúnwò: Chevelle onílẹ̀kùn méjì, awọ dúdú lórí òrùlé, ìpẹtà lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, àmì SS (Super Sport) níwájú. Ẹ ní kí n bá yín yan àwọ̀ tí ẹ máa kùn ún. Ìbéèrè tó yẹ kó gbẹ̀yìn lẹ fi ṣáájú yẹn. Màá dáhùn rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí tẹnu mi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Nídìí iṣẹ́ ọ̀dà yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ fojú winá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ẹ rà gan-an. Nígbà tí Pontiac, tó jẹ́ ẹ̀ka General Motors bíi ti Chevrolet tó ṣe Chevelle, gbé ọkọ̀ GTO jáde fún ọdún 1964, ọgbọ́n tí wọ́n dá kò ju pé kí wọ́n mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá, kí wọ́n fi í sínú ọkọ̀ tí kò tóbi jù, kí wọ́n sì tà á fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré. Ibẹ̀ ni òkìkí muscle car ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. General Motors fi ààlà sí i fún ìgbà díẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kúbíìkì ínǹṣì 400 lọ. Nígbà tó di ọkọ̀ ọdún 1970, wọ́n tú ìdè yẹn, Chevrolet sì ki ẹ́ńjìnnì 454 bọ inú Chevelle SS. Èyí tó le jù nínú wọn, LS6, agbára ẹṣin 450 ni wọ́n kọ sí i lára. (Ẹ má fi ìyẹn wé ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí o. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn agbára nígbà náà, ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n, láìsí ẹrù tó máa ń fà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ọdún 1972 ni wọ́n fi yí i padà.)

Nítorí LS6 yẹn ni gbogbo ayé ṣe ń wá Chevelle ọdún 1970, òun náà ló sì jẹ́ kí Malibu lásán-làsàn, ìyẹn Chevelle tí kò ní àfikún SS, pọ̀ nígboro tí wọ́n ti wọ̀ láṣọ SS. Nítorí náà, ẹ má tíì gba àmì tó wà lára tiyín gbọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí èèyàn lè rí láti ìta nínú gíláàsì iwájú, kò lè jẹ́rìí sí i, torí pé lọ́dún yẹn àfikún tí oníbàárà ń bèèrè fún ni SS, kì í ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ tó dá dúró. Ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé ni ìwé iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń tò ó. Àwọn èèyàn a máa rí i lórí táńkì epo tàbí láàárín sípíríìngì ìjókòó. Ọjọ́ tí ẹ bá máa sọ táńkì kalẹ̀, ẹ rọra, ìwé yẹn á ti gbó.

Bó bá sì wá já sí Malibu lásán, ẹ yọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ń bá yín sọ. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọ́ ọ lára ojúlówó LS6. Gbogbo ihò tó bá lu, gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá pààrọ̀, ó ń dín iyì ọkọ̀ náà kù ni. Malibu á gbà yín láàyè kí ẹ ṣe bó ṣe wù yín.

Ohun tó wá ká mi lára jù lọ ni gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ yín: pé ẹ fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú páálí nọ́ọ̀tì lóríṣiríṣi, tí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀, tí ilẹ̀kùn fara ti ògiri, ẹnì kan ló fi ìtara tú u, tí ìtara sì tán kó tó rántí ibi tí nǹkan kan ti wá. Ọkọ̀ tó ń rìn, tó ṣì rí jákujàku, á máa fà yín lọ sídìí iṣẹ́. Èyí tó wà nínú páálí á máa lé yín sá ni.

Bíréèkì ló ṣáájú. Rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó, páìpù irin rẹ̀ sì ti lè jẹrà láti inú wá láìhàn síta. Bí ẹ bá ṣí dúrọ́ọ̀mù, ẹ má fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ẹ má sì fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tú u ká. Asbestos, fọ́nrán òkúta olóró kan, wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì ìgbà yẹn, ẹ̀dọ̀fóró kì í bá a ṣeré. Ẹ rin ín kí ẹ tó nù ún. Lẹ́yìn bíréèkì, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, torí ethanol, irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo báyìí, ń jẹ rọ́bà àtijọ́, epo tó bá ń jò lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná sì lè jó ọkọ̀ kanlẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà díẹ̀. Ẹ mọ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tú u ní apá kan, apá kan, pẹ̀lú fọ́tò àti ọ̀rá tí ẹ kọ orúkọ sí lára.

Ó ku ìpẹtà. Èyí tí ẹ rí lẹ́bàá táyà, ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹ yẹ ilẹ̀ búùtù wò, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ wo ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà iwájú lẹ́yìn táyà, níbi tí ewé àti ẹrẹ̀ máa ń kó sí. Ẹ̀rù awọ orí òrùlé yẹn ló ń bà mí jù. Omi a máa gba etí rẹ̀ wọlé, á dúró sábẹ́ rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, á sì jẹ irin yíká gíláàsì ẹ̀yìn, láti ibẹ̀ kó máa kán sínú búùtù. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ awọ náà tó ń dún wérékéwéréké, ẹ mọ̀ pé ìpẹtà ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wá òòfà kékeré kan, kí ẹ fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà, kí ẹ máa gbé e kiri ara ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pọ́tì ni ẹnì kan fi dí ihò ibẹ̀ kó tó tà á fún yín.

Irin tó bá ti jẹ, gígé ni. Kò sí ọ̀dà tàbí oògùn kankan tó ń sọ ihò di irin. Ẹ gé e dé ibi tí irin ti mọ́, kí ajórin jó tuntun mọ́ ọn, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí iná má bàa ká irin náà kò. Ẹ lè kọ́ iṣẹ́ jíjórin, àmọ́ ẹ má fi òrùlé kọ́ ọ.

Ní ti ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára rẹ̀, ẹ má kùn lé e lórí. Lákà, irú ọ̀dà kan, ni General Motors ń lò nígbà náà. Bó bá ti ń gbó, ó máa ń sán wẹ́wẹ́. Tínà inú ọ̀dà tuntun á wọ inú ibi tó sán náà, á sì hú u sókè; bí kò bá hàn lónìí, á hàn tí oòrùn bá pa á. Ẹ ha á dé irin. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìbòmú tó dáa bomú, nítorí pé òjé lè wà nínú ọ̀dà ìgbà náà, ó sì wà níbi tí òrùlé ti pàdé ara ọkọ̀ lẹ́yìn, níbi tí ilé iṣẹ́ ti fi òjé yíyọ́ dí ojú oríkèé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun á bá yín fi yanrìn fẹ́ gbogbo ọ̀dà náà kúrò ní ọ̀sán kan, ẹ gbà fún un ní abẹ́ ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kó débi bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé. Irin tó fẹ̀ tó sì tẹ́jú máa ń wọ́ bí yanrìn líle bá ń lù ú, títún un ṣe padà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe fún akọ́ṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí irin sùn níhòòhò. Ní ọjọ́ tó bá ti mọ́ ni kí ẹ ti fi puráímà epoxy, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dáàbò bo irin, bò ó.

Wàyí o, iṣẹ́ gan-an dé. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọ̀dà kò ní ọ̀dà nínú. Ọ̀dà tó ń dán dà bí dígí: ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa gbé síta. Kòtò tí ojú kò rí lára puráímà, tí ọ̀dà bá ti bò ó, iná á wọ́ lórí rẹ̀ gbáàgùngbáàgùn. Bí ẹ ṣe máa rí i ṣáájú ni pé kí ẹ fọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí puráímà tó nípọn, kí ẹ wá fi sánpépà 180 tí ẹ lẹ̀ mọ́ pátákó gígùn máa ha á ní ìdábùú, lọ́tùn-ún sí òsì, lósì sí ọ̀tún. Ibi tí dúdú bá ṣẹ́kù sí ló jìn. Ibi tí irin bá ti tètè yọ ló ga. Ẹ má fi ìka ti sánpépà, torí ìka á gbẹ́ kòtò tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kun puráímà sí i, ẹ tún fi sánpépà tó kúnná sí i ha á, 320, lẹ́yìn náà 400 sí 600. Ó máa sú yín. Apá yóò máa ro yín, ojú ọkọ̀ á sì dà bíi pé kò yí padà. Ojú lè tan yín, nítorí náà ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ di ojú, kí ẹ máa fi ọwọ́ wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mọ kòtò ju ojú lọ. Èmi a máa gbádùn apá ibí yìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò pọ̀.

Kí ẹ tó ha ohunkóhun, ẹ fi omi ìyọ-ọ̀rá nù ún. Bí wáàsì bá wà lójú irin, sánpépà á kàn tì í wọnú ìlà tó ń fà sójú irin ni, lọ́jọ́ ọ̀dà á sì sọ ojú rẹ̀ di ihò róbótó-róbótó. Ilẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù, ẹ ti to gbogbo wọn sípò kí àlàfo wọn dọ́gba, kí ẹ tó kùn wọ́n. Títún ìyẹn ṣe lẹ́yìn ọ̀dà, nínú omijé ni.

Lórí fífọ́n ọ̀dà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Isocyanate, kẹ́míkà olóró kan, wà nínú hádínà (ohun tó ń mú ọ̀dà le) ti ọ̀dà àti kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán) òde òní. Ó lè sọ ẹni tí kò ní ikọ́ fée rí di oníkọ́ fée, bí ara bá sì ti kọ̀ ọ́, ìwọ̀nba bíńtín ló kù tí á fi máa dá èèyàn dùbúlẹ̀. Imú kì í gbóòórùn rẹ̀ kó tó ṣe jàǹbá, nítorí náà ẹ kò lè mọ ìgbà tí ìbòmú ti kún. Ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù láti ìta nípasẹ̀ rọ́bà, aṣọ tó bo ara látòkèdélẹ̀, ìbọ̀wọ́, ohun ìbojú: ìwọ̀nyí ló kéré jù. Bí ẹ kò bá ní wọn, ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ wá gbé ọkọ̀ náà fún ẹni tó ní yàrá ọ̀dà kó bá yín fọ́n ọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Bí ẹ bá sì ní wọn, ẹ fi bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù kan kọ́ ọwọ́ ná. Ìbọn ìfọ́n-ọ̀dà tí ẹnu rẹ̀ tó mìlímítà 1.3 tàbí 1.4, ọwọ́ tó gún régé, ìlà kan kó bo ìdajì èkejì, kí ọwọ́ ti máa rìn kí ẹ tó fa ìbọn. Bí ọ̀dà bá ṣàn, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, sánpépà á yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ìwé àlàyé tó bá ọ̀dà yín wá ni ọ̀gá nípa àkókò àti àpòpọ̀. Bí ohun tí mo sọ bá ta ko ti ìwé náà, ẹ tẹ̀ lé ìwé.

Àwọ̀ wá kù. Funfun ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Classic White, nọ́ńbà 10, wà lára àwọn àwọ̀ tí Chevrolet ń kun Chevelle lọ́dún 1970. Mo mọ̀ pé dúdú lẹ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n dúdú kì í fi àṣírí bò. Èyí tó ní èérún irin dídán nínú tún burú jù fún akọ́ṣẹ́, torí bí ọwọ́ kò bá dọ́gba, èérún náà á sùn lọ́nà tó yàtọ̀ síra, ara ọkọ̀ á sì rí lámì-lámì. Funfun á dárí jì yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ orí àtẹ ìfihàn dẹ́rù bà yín. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí jáde ní ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní wọn pẹ̀lú ojú ọ̀dà bí èèpo ọsàn àti àlàfo ilẹ̀kùn tí kò dọ́gba, wọ́n sì rà wọ́n bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó. Páànù kékeré kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà àwọ̀ àti ti aṣọ ìjókòó wà lára rẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ má ha á, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí mi, pẹ̀lú ti ilẹ̀ búùtù lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò.

Àbúrò yín.