Kí ẹ tó ra kámẹ́rà sí gbọ̀ngàn ìjọ

Ògbómọ̀ṣọ́

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Kánádà o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó dùn mọ́ wa nínú pé ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lọ́hùn-ún fẹ́ dá owó jọ fún ààbò ìjọ, pàápàá nísinsìnyí tí ọ̀rọ̀ àwọn agbébọn inú igbó kò jẹ́ kí ará oko sùn dọ́kàn. Àmọ́ kámẹ́rà àti géètì onírin tí ẹ kọ ṣáájú nínú ìwé yẹn kọ́ ló yẹ kó gba owó. Kámẹ́rà á ya àwòrán ẹni tó yìnbọn. Kò ní dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tí ìbọn bà.

Ẹ wo ti Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, wọ́n yìnbọn, wọ́n tún fi àdó olóró kún un. Àwọn tó kú kò dín ní 40, ọmọdé sì wà lára wọn. Ẹni tí ọta bá bà lórí, agbára káká ni èèyàn fi lè ṣe nǹkan kan. Ti apá àti itan yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Bí iṣan ńlá inú itan bá já, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó láti pa á. Ọkọ̀ wo ló máa gbé e dé ọsibítù LAUTECH tàbí Bowen kó tó di pé ẹ̀jẹ̀ tán? Ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì nìkan ló lè débẹ̀ lásìkò.

Okùn tí wọ́n ń pè ní tourniquet ni kí ẹ rà. Ìka mẹ́rin sókè ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń so ó sí, kì í ṣe orí orúnkún tàbí ìgúnpá, torí egungun ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó fún iṣan pa. Wọ́n á fà á le, wọ́n á wá máa yí ọ̀pá kékeré tó wà lára rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ó máa ń dunni gan-an. Ẹni náà á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ tú u, ẹ má dá a lóhùn. Àánú yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn kan so ó wẹ́rẹ́. Bí kò bá le, iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn nìkan ló máa dí, èyí tó ń gbé e jáde á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì tú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan ò bá tó, ẹ so èkejì sókè rẹ̀. Iwájú orí ẹni náà ni kí wọ́n kọ aago tí wọ́n so ó sí, torí bó bá ti ń kọjá wákàtí 2, ewu bẹ̀rẹ̀ fún ẹsẹ̀ náà. Ọsibítù ni wọ́n ti ń tú u.

Bí kò bá sí, aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta àti igi kékeré tí wọ́n á fi yí i lè ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì lásán kì í sábà le tó. Okùn bàtà àti wáyà á gé ẹran ara.

Abíyá àti ibi tí itan ti so mọ́ ikùn kò ṣe é so. Ibẹ̀ ni gauze, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́, ti wúlò: ẹ fi ìka rọ́ ọ wọ inú ọgbẹ́ títí kò fi ní gbà mọ́, ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára fún ìṣẹ́jú 10, láìṣí i wò. Ṣíṣí i wò yẹn ló ń já ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì. Ti ikùn kò rí bẹ́ẹ̀: bí ìfun bá jáde, ẹ má tì í padà, aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi rẹ ni kí ẹ fi bò ó, ẹ má sì fún un lómi mu. Kí ẹ fi aṣọ bo gbogbo àwọn tó fara gbọgbẹ́, kódà nínú ooru wa yìí. Ara tó bá tutù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì.

Géètì ńkọ́? Ìjọ tó bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ nítorí olè, ẹnu ọ̀nà tí agbébọn gbà wọlé náà ni gbogbo èèyàn máa fẹ́ gbà jáde. Ẹ fi owó yẹn la ilẹ̀kùn kan sí i, tó ń ṣí síta, tí àgádágodo ò sí lẹ́nu rẹ̀ lásìkò ìsìn. Àdó olóró tí kò tíì bú gbàmù, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni bí àwọn èèyàn ṣe ṣì ń gbé ẹni tí ìbọn bà lọ sí tẹ́ṣàn, pé àwọn ń wá ìwé ọlọ́pàá. Òfin ọdún 2017 ti sọ ọ́ gbangba: ìwé wà o, ìwé ò sí o, owó àsansílẹ̀ wà o, kò sí o, ọsibítù gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n á fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn gàdàgbà sára àpótí tí a máa kó àwọn nǹkan ìtọ́jú yìí sí.

Fún gbọ̀ngàn wa, okùn tourniquet 8, gauze 20, ìbọ̀wọ́ páálí kan, sísọ́ọ̀sì tó lè gé jíǹsì, máákà 2. Ẹ má ra okùn ọ̀pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ọ̀pá oníke rẹ̀ máa ń kán bí wọ́n bá ń yí i. Kí ẹ fi ọ̀kan lé e fún ìdánrawò nìkan, torí èyí tí wọ́n bá ti yí léraléra kò ṣe é gbọ́kàn lé mọ́. Kọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún ránṣẹ́ sí mi kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó