Ẹ Pe Ọmọbìnrin Síbi Ìpàdé Ẹbí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní 2019, obìnrin ni 9 nínú kọmíṣánnà 16 tí Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq yàn ní Kwara. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ bàbá wa l'Ọ̀fà níbí, àbúrò mi ọkùnrin, tí mo fi owó gàrí rán níléèwé, ni wọ́n pè wọlé. Èmi àkọ́bí ń ro àmàlà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Ilé ọkọ ni tìrẹ." Ìyá mi náà ní òótọ́ ni, ìyẹn ló dùn mí jù. Bẹ́ẹ̀, àṣà Yorùbá fàyè gba ọmọbìnrin láti jogún bàbá rẹ̀! Ojú àwọn ọmọ wa ni gbogbo èyí ń ṣe, wọ́n sì ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọbìnrin wọlé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé.

Ìyá Onígàrí, Ọjà Owódé, Ọ̀fà