Lẹ́tà sí Bàbá mi láti Dublin: Òkúta ìrántí tó wà ní Parnell Square

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín o, mo sì kí Ìyá mi àti gbogbo ará ilé. Mo lérò pé orúnkún tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ti fúyẹ́. Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí. Òtútù nìkan ló ṣì ń bá wa fínra.

Nígbà tí mo fi àwòrán tí mo yà ní Parnell Square ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi mí léèrè pé àwọn wo ni wọ́n ń ṣe ìrántí wọn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù lọ. Ẹ̀gbẹ́ òkúta yẹn ni mo máa ń gbà kọjá bí mo bá ń lọ ra èlùbọ́ ní Moore Street, ó sì tó ọdún mẹ́ta kí n tó dúró wò ó dáadáa. Olórin ni wọ́n, Bàbá, olórin bíi tiyín, ọ̀kan nínú wọn sì ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì.

Miami Showband ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, ìlú Dublin níbí ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1962. Kí irú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní showband tó dé, ńṣe ni àwọn onífèrè ilẹ̀ yìí máa ń jókòó sórí àga, tí wọn á tẹjú mọ́ ìwé orin. Ẹgbẹ́ kan láti ìlú Strabane tó ń jẹ́ Clipper Carlton ló kọ́kọ́ dìde dúró, tí wọ́n gbé ìwé orin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n ń jó bí wọ́n ṣe ń kọrin, kò sì pẹ́ tí gbogbo Ireland fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá gbọ́ ìró wọn, kò ní ṣàjèjì sí yín: fèrè tó ń dáhùn ara wọn, gìtá, ìlù, àti olórin kan níwájú. Orin Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n sábà máa ń kọ.

Màmá àgbàlagbà kan tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ló là mí lójú sí gbogbo èyí. Bí mo bá ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, ìka ẹsẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ijó. Wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin á dúró ti ògiri kan, àwọn ọmọkùnrin á dúró ti èkejì, títí ẹni tó bá láyà á fi la àárín gbọ̀ngàn kọjá lọ bèèrè ijó. Wọn kì í ta ọtí níbẹ̀. Tíì àti mínírà ni wọ́n ń mu, mínírà gan-an ni wọ́n sì ń pè é níbí, bí àwa náà ṣe ń pè é. Nínú àwọn tó ń kọ́ gbọ̀ngàn wọ̀nyí káàkiri ìgbèríko ni Albert Reynolds, tó wá di olórí ìjọba Ireland ní ọdún 1992. Bí ó bá di Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, gbọ̀ngàn á wà ní títì pa, àwọn olórin á sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Ireland tó ti kúrò nílé ti ń retí wọn. Èmi tí mo wà lókèèrè mọ irú ayọ̀ tí ìyẹn jẹ́.

Dickie Rock ló ń kọrin níwájú Miami nígbà náà. Màmá sọ pé àwọn ọmọbìnrin á máa kígbe pé kí ó tutọ́ sí àwọn lára, ẹnu sì yà mí, nítorí lọ́dọ̀ tiwa èébú ńlá ni. Ní ọdún 1966, òun ló ṣojú Ireland níbi ìdíje orin Eurovision ní Luxembourg, ipò kẹrin ni wọ́n sì fún un. Nígbà tí ó kúrò, Fran O'Toole tó ń tẹ dùùrù bọ́ síwájú, orúkọ ẹgbẹ́ náà kò sì wálẹ̀.

Ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ náà ni mo dé yìí. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 1975, wọ́n ṣeré tán ní Castle Ballroom ní Banbridge, ní Àríwá Ireland tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí rògbòdìyàn ti ń pa èèyàn láti ọdún mélòó kan. Ray Millar, onílù, wọ ọkọ̀ tirẹ̀ gba Antrim lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ìyẹn ló yọ ọ́. Àwọn márùn-ún yòókù wọ bọ́ọ̀sì kékeré Volkswagen, wọ́n ń padà sí Dublin, Brian McCoy, ọ̀gá tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ló sì ń wà á. Ní Buskhill, kí wọ́n tó dé Newry, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ ṣọ́jà fi tọ́ọ̀ṣì pupa dá wọn dúró. Ojoojúmọ́ ni ṣọ́jà ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yẹn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fura. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n kọjú sí kòtò etí ọ̀nà, wọ́n ń dárúkọ ara wọn, àwọn tó dá wọn dúró tilẹ̀ ń bá wọn ṣàwàdà.

Wọn kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ apànìyàn UVF, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó fẹ́ kí Àríwá Ireland máa wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bọ́ sí lọ́wọ́, tí àwọn kan nínú wọn sì tún jẹ́ ṣọ́jà tòótọ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun UDR ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjì ń ki àdó olóró sínú ọkọ̀, ète wọn sì ni pé kí ó bú nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà lójú ọ̀nà, kí ayé lè gbà pé àwọn olórin ló ń bá IRA, ẹgbẹ́ tó ń fi ìbọn jà kí Àríwá lè kúrò lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó ohun ìjà kiri. Ó bú mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́, ó sì pa wọ́n. Àwọn yòókù bá dojú ìbọn kọ àwọn olórin. Wọ́n pa McCoy, wọ́n pa Fran O'Toole, wọ́n sì pa Tony Geraghty, onígìtá. Stephen Travers, tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ nínú ẹgbẹ́, sùn gbalaja nínú pápá pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn, ó ṣe bí òkú. Des McAlea, tó ń fọn saxophone, ló sá jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́ ní Newry.

Bàbá, McCoy tí wọ́n pa yẹn, Pùròtẹ́sítáǹtì ni, bẹ́ẹ̀ sì ni Millar. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni àwọn yòókù. Wọn kì í bèèrè ìjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó jọ ṣeré, àwọn tó sì ń jó níwájú wọn kì í bèèrè. Lẹ́yìn òru yẹn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin kọ̀ láti kọjá ààlà lọ sí àríwá mọ́. Mo rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nípa ọdún 1967, bí àwọn onífèrè yín tó jẹ́ Ígbò ṣe kó ẹrù wọn padà sí Ìlà-Oòrùn, tí orí ìtàgé sì ṣófo.

Wọ́n rán mẹ́ta nínú àwọn apànìyàn náà ní ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn tó yè kò dákẹ́, nítorí wọ́n fẹ́ mọ bí ọwọ́ ìjọba ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà tó. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2011 fi hàn pé àmì ìka ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí UVF wà lára ohun èlò ìbọn kan tó jẹ mọ́ ìpànìyàn náà, àti pé ó sọ pé ọlọ́pàá ló ta òun lólobó pé kí òun sá pamọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ààbò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọlọ́pàá Àríwá Ireland gbà láti san owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́ùn fún àwọn tó yè àti àwọn ẹbí. Òkúta tí ẹ rí nínú àwòrán, ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i, ní ibi tí gbọ̀ngàn ijó National wà tẹ́lẹ̀, níbi tí Miami ti máa ń ṣeré. Màmá sọ pé àwọn jó níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí Fúnmiláyọ̀ fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán bándì yín tó wà lára ògiri pálọ̀, kí ẹ sì pe orúkọ olúkúlùkù fún un láti apá òsì, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún Màmá pé màá fi hàn wọ́n. Wọ́n fẹ́ mọ èwo nínú wọn ni bàbá mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúṣẹ́gun