Alákàn Ń Gbé Inú Ilé Yìnyín Wa: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Nílé, Lóko àti Lẹ́yìn Odi

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú wa, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Igbókòdá, Òkìtìpupa, Àkúrẹ́, Èkó, London àti Houston, a kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn.

A ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ìtàn. Gbogbo wa la jọ wà níbi ìpàdé ọdún tí a ti fọwọ́ sí ilé yìnyín, ilé tí a ó ti máa ṣe yìnyín fún ẹja wa, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́, àwọn kan tiẹ̀ dìde jó. Ibi tí iṣẹ́ dúró sí la fẹ́ bá yín sọ.

Ilé ti dúró lórí òpó. Òrùlé wà. Ògiri onífóòmù tí kì í jẹ́ kí òtútù jáde wà. Páńẹ́lì sólà ti wà lókè láti oṣù kejì, oòrùn ń pa á lójoojúmọ́, kò sì rí nǹkan kan ṣe fún wa. Ẹ̀rọ tó ń dì omi di yìnyín ló kù, pẹ̀lú wáyà àti táǹkì. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ lónìí, alákàn ni yóò kí i káàbọ̀. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn tiwa ti ń fi ojú ṣọ́ ilé ẹgbẹ́. Àwọn ọmọdé ìlú ti ń pè é ní ilé alákàn. A gbọ́, ó sì dùn wá.

Ìlú òdìkejì ọ̀sà ńkọ́? Ẹ mọ̀ wọ́n, a ò ní dárúkọ. Ẹ̀yìn wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wọn ò pọ̀ tó wa, wọn ò sì lówó jù wá lọ. Ṣùgbọ́n yìnyín ti ń jáde níbẹ̀. Àwọn ìyá wa ló ń wa ọkọ̀ lọ rà á nínú kúlà ní ìdájí, kí wọ́n sì tó padà dé, apá kan ti yọ́ dà nù. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹja tí ọmọ wa pa, tí ìyàwó wa fi yìnyín wọn tọ́jú, tó bá dé ọjà Igbókòdá, orúkọ ìlú wọn ni àwọn oníbàárà fi ń pè é. Wọ́n á ní, “Fún mi ní ẹja ìlú báyìí, tiwọn ló máa ń tutù.” Ẹja wa o! A kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú, àwa sì nìyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìgboro, ẹ jẹ́ ká rán yín létí díẹ̀. Ẹja tí wọ́n fà jáde láàárọ̀ tí kò rí yìnyín, nínú ooru tiwa yìí, kí wákàtí méjìlá tó pé, ó ti ń bàjẹ́. Èyí tí a bá to yìnyín fún dáadáa, kílò yìnyín kan sí kílò ẹja kan, á lo ọ̀sẹ̀ kan, á tún lé. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni owó iléèwé àwọn ọmọ. Ìyá ẹlẹ́ja tí kò ní yìnyín, ọjọ́ tí ẹja bá pọ̀ gan-an lọjọ́ ìbànújẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wá láti Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ mọ̀ pé kò lè gbé e padà sílé, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń dá lé e. Ìyókù, inú àgbá ló ń lọ, wọ́n á máa fi èéfín yan án títí ojú wọn á fi pọ́n bí epo.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kò sì jókòó o. Méjì nínú wọn ti ra ẹ̀rọ tó ń wá ẹja. Ó máa ń rán ohùn sísàlẹ̀ omi, ohùn yẹn á kan agbo ẹja, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi àkókò tó lò mọ bí ẹja ṣe jìn tó. Nínú omi òkun, ohùn ń rìn tó nǹkan bí 1,500 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdáhùn kì í pẹ́. Wọ́n tún ń fi GPS orí fóònù sàmì sí ibi tí wọ́n ti rí ẹja lánàá, kí wọ́n má baà máa jó epo kiri lójú òkun. Ọkọ̀ wọn ń kún padà wálé. Kí la wá ní láti fi gba ẹja náà lọ́wọ́ wọn? Ilé alákàn.

Wọn ò ní kí a jẹ́ òyìnbó ká tó ṣe irú nǹkan báyìí. Ní Chorkor, àdúgbò apẹja kan ní Accra, ni wọ́n ti ṣe ààrò ẹja yíyan tí àwọn obìnrin ń to pẹpẹ ẹja lé ara wọn lórí, igi díẹ̀, ẹja púpọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn ará Thiaroye ní Senegal tún un ṣe, èéfín búburú inú rẹ̀ dín kù. Owerri tí kò ní òkun rárá, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ColdHubs ti gbé yàrá òtútù onísólà kalẹ̀ sínú ọjà, tí ẹni tó bá gbé kéréètì wá ń sanwó ọjọ́ tó bá lò. Bí tiwa náà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ nìyẹn. Owó yìnyín ni yóò máa tún ilé yìnyín ṣe, a ò ní máa dá owó lórí rẹ̀ títí ayé. Ààrò wà nínú ètò wa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká parí ọ̀kan ná.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. A mọ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn wa, pé a ti jẹ owó ilé yìnyín, nítorí àwọn kan nínú yín kì í rántí pé akọ̀wé náà wà lórí WhatsApp ìlú.

Owó ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́, òkun ló jẹ ẹ́. Alága kò jẹ ẹ́, akápò kò jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé nígbà náà rí bí omi ṣe gbé bulọ́ọ̀kù lọ lóru ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ létí òkun, gbogbo òpópónà tó ti wọ omi níbẹ̀, ṣé alága ẹgbẹ́ kan ló kó wọn sápò? Ìdí nìyí tí a fi gbé iṣẹ́ náà sẹ́yìn, sí apá ọ̀sà, lórí òpó, bí àwọn baba wa ṣe ń kọ́lé. Àwọn kan ní kí ló dé tí a ò fi ṣe èyí tó ń léfòó lórí omi. A rò ó. Àmọ́ a rántí iléèwé tó ń léfòó ní Makoko, l'Ékòó, tí gbogbo ayé ń yìn ní 2013, tó sì wó ní oṣù kẹfà 2016 lẹ́yìn òjò ńlá. Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Makoko, wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí fún wa.

Ti bóòtù tó di páńẹ́lì mọ́ òrùlé, a jẹ̀bi níbẹ̀. Irin lásán la kọ́kọ́ rà nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Kò pẹ́ tí iyọ̀ òkun fi jẹ ẹ́ tán, a sì ní láti tú páńẹ́lì sílẹ̀, ká ra èyí tí kì í dípẹtà. Owó ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláṣẹ ló pín àfikún náà san lápò ara wọn, ẹ lè bi akápò léèrè.

Iṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́rin, ìyẹn náà sì ní ìdí tirẹ̀. Ọmọ wa kan tó jẹ́ ẹnjiníà ló ní ká má ṣe ra bátìrì rẹpẹtẹ. Ó ní ọ̀sán ni oòrùn wà, kí ẹ̀rọ fi ọ̀sán dì omi, kí yìnyín yẹn fúnra rẹ̀ wá mú yàrá tutù lóru. Ó ní yìnyín gan-an ni bátìrì. A kọ́kọ́ rò pé ó ń bá wa ṣeré ni. Ṣùgbọ́n bátìrì ńlá, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó kú, owó mìíràn nìyẹn. Omi kì í kú. A yí ètò padà, ó sì gba àkókò.

Ní ti ẹ́ńjìnnì tuntun tí alága fi sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Pọ́tàkọ́ọ̀tù ló rà á fún un. Ìwé rẹ̀ wà nílé. (Akọ̀wé kọ́ ló fẹ́ kí èyí wọ inú ìwé yìí, alága ló taku.)

Ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Nínú gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìdáwó, àwọn tó ti san tán kò tó ìdajì. Ìyá kan tó ń ta edé ní èbúté, tí gbogbo ọjà rẹ̀ kò ju apẹ̀rẹ̀ méjì lọ, ti san tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pín in, owó náà ń rùn ẹja nígbà tó dé ọwọ́ akápò. Owó tó ń rùn ẹja yẹn wà lára ohun tí a fi kan òrùlé. Ẹ̀yin tí owó yín kì í rùn, ibo ló wà?

A ò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà láàárín wa tó gba máìkì lójú gbogbo àgbà ìlú, tí onílù kì, tó ní kí wọ́n kọ iye tí òun yóò dá sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Kọ́bọ̀ kò tíì wọlé. A pè é lórí fóònù, wọ́n gbé e, wọ́n ní ó ń sùn. Agogo méjìlá ọ̀sán ni. Ẹlòmíràn, gbogbo ìgbà tí a bá kọ̀wé nípa ìdáwó, àwòrán ọwọ́ méjì tó pa pọ̀ ló ń fi sí i. Ẹ ṣeun, a rí àdúrà yín, ẹ fi owó tì í lẹ́yìn. Aṣọ ẹbí ọdún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á.

Ẹ̀ka London, gudugudu méje lẹ ṣe. Páńẹ́lì tó wà lókè yẹn, owó yín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀ka Houston, a wo fídíò ìpàdé yín, oúnjẹ orí tábìlì pọ̀, ó sì wù wá. Ẹ rántí ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ yẹn, ibi tó ti wá.

Ẹni tó bá ń sọ pé ìjọba ló yẹ kó ṣe é, kò parọ́. Ní 2023 ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọrọ̀ ajé inú omi, ohun tí wọ́n ń pè ní blue economy, wọ́n sì fi Gboyega Oyetola, gómìnà Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀, ṣe mínísítà rẹ̀. Ọ̀ṣun kò ní etí òkun, àmọ́ ó kúkú ní odò. A ti kọ ìwé ránṣẹ́, a ṣì ń retí. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé inú omi, kí wọ́n tó fún un lórúkọ ní Abuja ni àwọn babańlá wa ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń kówó sí láyé ìgbà náà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀, wọ́n fi gbé ìlú tí gbogbo Nàìjíríà wá ń wò. Ọmọ Ìlàjẹ bíi tiwa ni wọ́n. Kì í ṣe àpò kan là ń bẹ̀ yín fún. Ìdáwó tí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ni.

Bí a ó ṣe san án: ọkùnrin ₦60,000, obìnrin ₦30,000, ọ̀dọ́ tí kò tíì ríṣẹ́ ₦5,000, òkè òkun £100 tàbí $130. Ẹni tó ti san apá kan, kó san ìyókù. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ti tẹ́lẹ̀ náà ni, nọ́ńbà wà lẹ́yìn káàdì yín. Ẹ kọ orúkọ agboolé yín mọ́ ọn. Ẹ má san owó sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni, títí kan ti alága. Ó parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ kejì la ó sanwó ẹ̀rọ.

Ní ìpàdé oṣù kejìlá, a ó ka orúkọ àwọn tó san sókè níwájú ìlú. A ò ní ka ti àwọn tí kò san. Ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ yóò mọ̀, ará ilé rẹ̀ náà yóò sì mọ̀. Rìsíìtì wà fún gbogbo owó. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ gbà, akọ̀wé ni kó pè, kó má pe gbogbo ìlú.

Àwa ni,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú