Àlàó, Orúnkún Rẹ

Àlàó, ọkọ mi,

Mo rí ẹ lọ́jọ́ Sátidé tí o wálé. Bí a ṣe jọ ń kírun, ṣe lo fọwọ́ tilẹ̀ kí orúnkún òsì rẹ má baà kan ẹní. Mo bi ẹ́, o ní, “Kò sí nǹkan kan, Màámi.”

Nǹkan wà ńbẹ̀. Mo ṣàlàyé kókó tó wú sókè ojúgun rẹ yẹn fún dókítà kan. Ó ní ó jọ èyí tó máa ń ṣe àwọn ọmọ tó ń ga lójijì, tí wọ́n sì ń sáré, tí wọ́n ń fò. Osgood-Schlatter ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà méjì tó kọ nípa rẹ̀ ní 1903. Iṣan itan ló ń fa egungun níbi tó ti ń dàgbà lọ́wọ́, tí kò tíì gbó. O gbá bọ́ọ̀lù, ó fà á. O fò, ó fà á. Bí kò bá rí ìsinmi, á máa wú, á máa dùn ẹ́.

Mo wá jókòó, mo ṣírò wákàtí tí o fi ń ṣeré. Ilé ẹ̀kọ́, wákàtí 8 lọ́sẹ̀. Akádẹ́mì bọ́ọ̀lù, 9. Bọ́ọ̀lù àdúgbò ní Sọ́ńdè, 3. Wákàtí 20, ọmọ ọdún 13! Àwọn dókítà eléré ìdárayá ní kí wákàtí tí ọmọ fi ń ṣeré lọ́sẹ̀ má ju iye ọdún rẹ̀ lọ, kó sì sinmi pátápátá lọ́jọ́ kan, ó kéré tán. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan mọ tiẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ àròpọ̀ rẹ̀.

Mi ò sọ èyí fún ẹ rí: èmi náà sáré. Eré 400 mítà ni mo ń sá nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, olùkọ́ wa ní kí n fi róòbù pa á, kí n máa sá lọ. Mo pa á, mo ń sá a. Lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ lọ díje ni mi ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Egungun ti sán. Mi ò padà sórí pápá láti ìgbà náà. Ó ṣì ń dùn mí dòní, ẹsẹ̀ kọ́ o, inú mi ni.

Ọmọ Ọ̀fà ni ẹ́, ìjàkadì lorò wa, mo mọ̀ pé ojú ń tì ẹ́ láti sọ pé ibì kan ń ro ẹ́. Àlàó, sọ ọ́. Mi ò ní kí o fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Mo fẹ́ kí o gbá a pẹ́.

Ti Sọ́ńdè, jẹ́ kó sinmi ná. Mo ti bá kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀. Ti akádẹ́mì, ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún un, kó tó di Jímọ̀. Má lo oògùn ara ríro torí kí o lè wọ pápá. Àǹtí rẹ ní o ń tẹ fóònù dòru. Wákàtí 8 ni kí o máa sùn, ó kéré tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá wá sí Ìlọrin, a ó jọ lọ sí UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Ṣòkòtò tó fẹ̀ ni kí o wọ̀, kí dókítà lè rí orúnkún méjèèjì.

Èmi ni,
Màmá rẹ